Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ Givry sí Cluny ní Faransé: àyẹ̀wò fún ará Àgbádárìgì

Ará Àgbádárìgì tó bá fẹ́ rí ìgbèríko Faransé láì háyà mọ́tò, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Voie Verte, tó wà ní gúúsù àgbègbè Burgundy, la máa kọ́kọ́ tọ́ka sí fún un. Láti Givry dé Cluny ni, kìlómítà 44. Ọdún 1997 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní gbogbo Faransé. Ojú irin ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí rélùwéè ibẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n hú irin kúrò, wọ́n da ọ̀dà sí i, wọ́n sì fòfin de mọ́tò àti ọ̀kadà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, àwọn ló ni ín. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rí ní márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, tí tírélà ń fẹ́ atẹ́gùn lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ á sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún un kó tó gun kìlómítà kan.

Ojú ọ̀nà náà, máàkì 5 nínú 5 la fún un. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń yáni níbẹ̀, 4. Oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, 3, kì í ṣe nítorí pé kò dùn, nítorí àkókò tí wọ́n ń tà á ni. Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ̀ àfìgbà tí wọ́n bá ti padà sílé: àwọn abúlé tó dára jù ní àgbègbè náà kò sí lójú ọ̀nà yìí rárá. Rélùwéè kì í fẹ́ gun òkè, orí òkè gan-an sì làwọn baba ńlá wọn kọ́lé sí nítorí ogun. Ẹni tó bá gbéra ní Givry láàárọ̀, tó dé Cluny nírọ̀lẹ́, tó sì wọkọ̀ padà sí Paris, ọ̀nà ló rí, kò tíì rí ìgbèríko. Ó kéré tán, ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ fi rin pẹ̀tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ gun òkè.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀ ò le. Láti ibùdókọ̀ Gare de Lyon ní Paris, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré gan-an tí wọ́n ń pè ní TGV ń dé Mâcon-Loché ní wákàtí kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn dáadáa. Mâcon-Loché ò sí nínú ìlú Mâcon. Ti inú ìlú ń jẹ́ Mâcon-Ville, ọ̀tọ̀ ni. Bọ́ọ̀sì kan wà tó ń gba Mâcon lọ sí Cluny títí dé Chalon-sur-Saône. Lọ́jọ́ Àìkú, bọ́ọ̀sì ìgbèríko Faransé kì í pọ̀, ẹ má ṣe fi ọjọ́ náà ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun ti Givry, Chalon ni kó bọ́ sí, kó gun kẹ̀kẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 10 dé Givry. Ṣùgbọ́n Cluny la fara mọ́ pé kẹ́ ẹ dé sí, torí ibẹ̀ ni ilé ìsùn, ìsọ̀ àti ilé oúnjẹ pọ̀ sí jù.

Ẹ má ru kẹ̀kẹ́ láti ilé. Inú TGV, àfi kẹ́ ẹ tú u palẹ̀, kẹ́ ẹ kó o sínú àpò tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 130 sí 90 lọ, tàbí kẹ́ ẹ ti sanwó àyè rẹ̀ sílẹ̀. Wàhálà yẹn kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn fowó rà. Ẹ yá a ní Cluny, lágbègbè ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́. Owó ọjọ́ kan fún kẹ̀kẹ́ lásán sábà máa ń wà láàárín yúrò 15 sí 25. Èyí tó ń lo bátìrì máa ń tó ìlọ́po méjì ẹ̀. Wọ́n á tún di owó kan mọ́ inú káàdì yín títí ẹ ó fi dá kẹ̀kẹ́ padà. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ará ilé nìyẹn, nítorí káàdì náírà lè kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n di owó mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ẹ mú káàdì tó ní owó ilẹ̀ òkèèrè nínú, tàbí kẹ́ ẹ bi wọ́n tẹ́lẹ̀ bóyá wọ́n ń gba owó lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀, ẹ fún wọn ní ẹ̀dà rẹ̀, kí ojúlówó wà lápò yín.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ìsọ̀ náà, ẹ yẹ búrékì wò. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àyẹ̀wò yìí, èyí ló ṣe pàtàkì jù fún wa. Kẹ̀kẹ́ Faransé, ọwọ́ òsì ló ń di táyà iwájú mú, ọwọ́ ọ̀tún ló ń di ti ẹ̀yìn. Tòkunbọ̀ tó bá ti Ìlú Ọba wá, òdìkejì rẹ̀ ni: ọ̀tún ni tiwájú. Ọwọ́ tí tòkunbọ̀ ti mọ́ lára á dé ìdágẹ̀rẹ̀, á fa òsì gidigidi, á rò pé ẹ̀yìn lòun ń fà. Táyà iwájú á dúró gbagidi, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ á gbéra nílẹ̀, ẹni tó gùn ún á sì ré kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ síwájú. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ náà lọ síwájú, kẹ́ ẹ wá fa ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Èyí tẹ́ ẹ fà tí ẹ̀yìn fi fẹ́ gbéra ni iwájú. Èyí tẹ́ ẹ fà tí táyà ẹ̀yìn ń wọ́ nílẹ̀ ni ẹ̀yìn. Ẹ tún un ṣe títí ọwọ́ á fi gbà á. Lórí ìdágẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fà, kẹ́ ẹ wá fi iwájú kún un díẹ̀díẹ̀.

Ó wá kan ìjókòó. Ẹ jókòó, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ nà tán láì jẹ́ pé ìdí ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí orúnkún bá ṣì ká, ìjókòó ti lọ sílẹ̀ jù, iwájú orúnkún ló sì máa kọ́kọ́ dùn yín. Tí ìdí bá ń mì lọ mì bọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gùn ún, ó ti ga jù. Àwọn tó ń yáni ní kẹ̀kẹ́ á bá yín tún un ṣe tẹ́ ẹ bá sọ. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, wọn ò ní bi yín.

Fáàfù túùbù wọn náà yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ ló ní fáàfù tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn, tí nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lórí ẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ tú nọ́ọ̀tì náà dé òkè, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ kí atẹ́gùn dún, kẹ́ ẹ tó ki pọ́ọ̀mpù bọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá tú u á fẹ́ títí, kò ní sí ohun tó máa wọlé. Táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 35 sí 40, PSI 50 sí 60 tó o. Kò sí fọkanáísà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn, torí náà ẹ gba túùbù kan tó bá táyà mu, ike méjì tí wọ́n fi ń yọ táyà, àti pọ́ọ̀mpù kékeré lọ́wọ́ ẹni tó yá yín ní kẹ̀kẹ́. Tí táyà bá jò, ẹ yọ túùbù, ẹ fi ìka ra inú táyà yípo kẹ́ ẹ tó ki tuntun sí i. Ẹ̀gún tó gún ti àkọ́kọ́ sábà máa ń ṣì wà níbẹ̀, á sì gún èkejì lójú ẹsẹ̀.

Òfin wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ṣeré. Ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi tiwa. Láti ọdún 2015, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ò gbọ́dọ̀ ki nǹkan kan sétí, ìbáà ṣe orin ìbáà ṣe fóònù. Láti ọdún 2017, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 gbọ́dọ̀ dé akoto. Tí ilẹ̀ bá ṣú tàbí tí kùrukùru bá bo ojú ọ̀nà, ẹ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti jáde kúrò nínú ìlú. Níbi tí títì mọ́tò bá ti gé Voie Verte kọjá, kẹ̀kẹ́ ló sábà máa ń dúró, kì í ṣe mọ́tò; wọ́n ti ri igi sílẹ̀ níbẹ̀ kí eré yín lè dín kù. Ní kòrọ̀ abúlé tí kò sí àmì kankan, ẹni tó bá ti ọwọ́ ọ̀tún yín yọ ló lẹ́tọ̀ọ́ àtikọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ láti ọ̀nà tóóró ló ti yọ.

Ọjọ́ kìíní, ẹ fi Cluny sílẹ̀ kẹ́ ẹ doríkọ àríwá, sí Cormatin. Kò tó kìlómítà 15, wákàtí kan ààbọ̀ ni fún ẹni tí kò kánjú. Màlúù funfun Charolais á wà nínú pápá lápá méjèèjì, odò Grosne á máa ṣàn létí ọ̀nà. Kó tó di Cormatin lẹ máa rí Taizé lórí òkè. Ibẹ̀ ni Brother Roger ti dá ẹgbẹ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn sílẹ̀ lọ́dún 1940, àwọn tí ọ̀pọ̀ ìjọ nílé wa mọ orin wọn, ìlà kan tí wọ́n ń kọ ní àkọtúnkọ. Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ọ̀fẹ́ sì ni. Àdúrà ọ̀sán wọn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 12:20; tẹ́ ẹ bá kúrò ní Cluny ní aago mẹ́wàá, ẹ máa bá a. Kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ gun òkè náà, nítorí ó ga fún ẹsẹ̀ tó ti ilẹ̀ tó tẹ́jú bíi tiwa wá. Ilé ńlá tó wà ní Cormatin, tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ní yàrá tí wọ́n fi góòlù kùn láti àjà dé ara ògiri. Wọ́n ń tì í nígbà òtútù.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ tó gba ẹsẹ̀. Ẹ sùn ní Cormatin tàbí nítòsí rẹ̀, kẹ́ ẹ gba títì D14 lọ sí ìlà oòrùn. Ẹ máa kọ́kọ́ kan Chapaize, abúlé bíńtín tí ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀rúndún kọkànlá kan wà láàárín ẹ̀. Ilé agogo rẹ̀ ga tó mítà 35, ẹ máa ti rí i látọ̀ọ́kán kẹ́ ẹ tó rí òrùlé kankan. Ẹ wọ inú ẹ̀, ẹ wo àwọn òpó rẹ̀: wọ́n tóbi, wọ́n yí róbótó, kò sí ọ̀dà, kò sí ọ̀ṣọ́, òkúta lásán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gbé ẹrù náà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹ ti kẹ̀kẹ́ pa níbẹ̀. Láti Chapaize dé Brancion jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún, òkè ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ lásán gùn ún sábà máa ń sọ̀kalẹ̀ láti tì í kó tó débẹ̀, nítorí náà ẹ kúkú fẹsẹ̀ rìn ín láti inú igbó.

Inú igbó yẹn, àmì ló ń darí èèyàn, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ìlà pupa pẹ̀lú funfun lórí ẹ̀ ni ọ̀nà jíjìn tó gba ìlú dé ìlú kọjá. Ìlà ofeefee kan ṣoṣo ni ọ̀nà kúkúrú tó máa yí padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tí ìlà náà bá tẹ̀ sí apá kan, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ yà síbẹ̀. Tí ìlà méjì bá gún ara wọn bí àgbélébùú tó dẹ̀gbẹ́, ọ̀nà yẹn kọ́. Àwọn tó ń ṣìnà, ibi oríta ni wọ́n ti ń ṣì í, nítorí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ, wọn ò wo ara igi. Òfin tiwa ni pé tẹ́ ẹ bá ti rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì rí àmì, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti rí i kẹ́yìn. Ẹ ra àwòrán ilẹ̀ oníwọ̀n 1:25,000 ti IGN, iléeṣẹ́ ìjọba Faransé tó ń yàwòrán ilẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lórí ẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan, ó sì fi ilé kọ̀ọ̀kan hàn. Fóònù máa ń pàdánù nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín àwọn òkè náà.

Brancion fúnra ẹ̀ ló yẹ kéèyàn torí ẹ̀ rìn. Ilé olódi kan, ọjà àtijọ́ tí wọ́n fi òpó igi gbé òrùlé rẹ̀ ró, ilé òkúta díẹ̀, àti ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀rúndún kejìlá kan tó dá dúró ní ṣóńṣó òkè, tí àfonífojì sì tẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Mọ́tò àlejò kì í wọ inú abúlé náà. Ẹ má gbára lé e pé ẹ máa rí oúnjẹ rà níbẹ̀. Ẹ gbé e dání láti Cormatin.

Oúnjẹ lọ́nà yìí, ọ̀rọ̀ aago ni. Ilé oúnjẹ abúlé ń ṣí láago méjìlá, tó bá ti di aago kan ààbọ̀ sí méjì, iná ti kú nílé ìdáná. Wọn ò tún ní dáná títí di aago méje alẹ́. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́ta, kódà kó fi yúrò ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, wọn ò ní gbà á. Ìsọ̀ búrẹ́dì ń tì lọ́sàn-án, wọ́n tún ń ṣí ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ tó burú jù, torí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ àti ilé oúnjẹ ni kì í ṣí rárá. Ẹ ra ti ọjọ́ Ajé sílẹ̀ láàárọ̀ Àìkú kó tó di aago méjìlá. Ọjà Cluny ń ná láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ ra wàrà ewúrẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní mâconnais, tó le díẹ̀ lẹ́yìn tó sì rọ̀ nínú, pẹ̀lú búrẹ́dì àti èso. Ẹ̀rọ omi wà ní ìtẹ́ òkú abúlé púpọ̀, gbogbo ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ló sì ń pọn níbẹ̀ láì jẹ́ èèwọ̀. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí i kọ pé “eau non potable”, ẹ má mu ún.

Faransé tí ará Àgbádárìgì ń sọ ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ á gbé e dáadáa níbẹ̀. Ẹ sáà kí wọn kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹni tó wọ ìsọ̀ tí kò sọ “bonjour” kó tó sọ ohun tó fẹ́ rà, ojú aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n á fi wò ó, bá a ṣe máa wò ó nílé náà.

Ọjọ́ kẹta jẹ́ ti Cluny fúnra ẹ̀. Ọdún 910 ni wọ́n dá ilé àwọn ọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1088 ló tóbi jù láàárín gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àgbáyé títí wọ́n fi kọ́ St Peter's tó wà ní Róòmù báyìí. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ sí ọba wọn, wọ́n tà á, wọ́n sì wó o fún òkúta. Ohun tó ṣẹ́kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, síbẹ̀ ọrùn á ro èèyàn níbi tó bá ti ń wòkè. Ẹni tí agbára bá ṣì wà lára ẹ̀ lè gun kẹ̀kẹ́ lọ sí apá Mâcon, láti inú ihò abẹ́ òkè Bois Clair. Kìlómítà kan ó lé ẹgbẹ̀ta mítà ni, iná wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tutù nini lójú ooru June pàápàá. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wọlé, kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá dé àárín. Nígbà òtútù, wọ́n ń tì í nítorí àwọn àdán tó ń sùn nínú ẹ̀, orí òkè sì lèèyàn máa gbà nígbà náà.

June àti September la fọwọ́ sí. Ní June, ojúmọ́ kì í tètè ṣú, ìmọ́lẹ̀ ń wà títí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Láti September títí dé ìparí February, àwọn ọdẹ wà nínú igbó. Ẹ wọ aṣọ tó pọ́n tàbí tó mọ́lẹ̀ yòò. Ewé tó bá rọ̀ sílẹ̀ ní October, tí òjò sì pa á, máa ń yọ̀ lábẹ́ táyà. Eégbọn wà nínú koríko gíga látìgbà ooru, ó sì ń gbé àrùn tí wọ́n ń pè ní Lyme. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kẹ́ ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún àti abíyá wò lálẹ́.

Físà Schengen ni kẹ́ ẹ gbà. Yúrò 90 ni fún àgbà, 45 fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá, wọ́n sì ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ 15 kẹ́ ẹ tó gbéra. Ọjọ́ 15 yẹn kéré jù, ẹ má ṣe dá a lé e. Ìnṣọ́ránsì tó tó yúrò 30,000 kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì wò ó pé ó gba gígun kẹ̀kẹ́ mọ́ra. Ẹran gbígbẹ àti wàrà láti ilé, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹja gbígbẹ ò ní wàhálà, tí kò bá ti ju kílò 20 lọ. Èso tútù púpọ̀ ló ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ewéko, àmọ́ márùn-ún ni wọ́n yọ sílẹ̀: ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, èso déètì, dúríánì àti àgbọn. Ẹ bó àgbọn náà kẹ́ ẹ tó dì í, torí èèpo rẹ̀ wúwo, kílò ẹrù kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, ó ń lọ lórí fóònù èyíkéyìí. Orúkọ abúlé tó sún mọ́ yín àti ti ọ̀nà tẹ́ ẹ wà ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.